Ìkọlù ta ni yóò gbóná lọ́dún yìí? Kí ni ká máa wò kí bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù kẹjọ ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn oníròyìn sì ti ń to àwọn yunifásítì lẹ́sẹẹsẹ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sáré: ta ni ìkọlù rẹ̀ máa gbóná jù, ta ni quarterback rẹ̀ (ẹni tó ń darí ìkọlù, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) mọ bọ́ọ̀lù jù lọ. Kí n tó tún gba ìkankan gbọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣe àwa ará Yunifásítì Texas ní 2025, torí ó ṣì ń dùn mí.

AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn tó ń to àwọn ẹgbẹ́ 25 tó dára jù, fi wá sí ipò kìíní kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Wọn ò fi ilé ìwé wa síbẹ̀ rí ṣáájú kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Arch Manning, quarterback wa, ni gbogbo ẹnu ń pè: ọmọ ọmọ Archie, tí Peyton àti Eli jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, quarterback olókìkí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bọ́ọ̀lù ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Mo ra ẹ̀wù nọ́ńbà 16 fún àwọn ìbejì mi méjèèjì. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹjọ a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láago 11 àárọ̀, àwa àti Ohio State, ní Columbus. Wọ́n fi 14 sí 7 lù wá. Ìdá kẹrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí àwọn ọmọ wa tó rí àmì kankan.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ohun tó yẹ kí n ti wò látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú quarterback wa láti dáàbò bò ó ní 2024, mẹ́rin ti lọ. Kelvin Banks tó gba Outland, àmì ẹ̀yẹ fún àwọn tó ń jà níwájú, ti wà ní New Orleans pẹ̀lú ẹgbẹ́ Saints tó ń gbá fún owó, ó ti ń gba owó oṣù. DJ Campbell nìkan ló kù. Òrùlé là ń yìn, a ò bojú wo òpó.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ nìyí, ẹ bá mi já a: kò yẹ ká ka àsọtẹ́lẹ̀ kankan nípa ìkọlù tí wọn ò bá kọ́kọ́ sọ orúkọ àwọn márùn-ún iwájú fún wa, àti iye ọdún tí wọ́n ti jọ dúró pa pọ̀.

Láńre, Columbus

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀, ẹ sì kú ìrora. Mo wà ní pápá lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Texas ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Adènà wa ló ṣe é! Matt Patricia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí àwọn adènà ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ dà kí bọ́ọ̀lù tó gbéra nílẹ̀. Manning á wo apá ọ̀tún, ewu á ti apá òsì yọ.

Àwa náà ńkọ́? A ní Jeremiah Smith, tí ó bá fò sókè, bọ́ọ̀lù ti di tiẹ̀. Síbẹ̀ 14 péré la rí, torí Julian Sayin ò tíì bẹ̀rẹ̀ eré rí ní yunifásítì. Ọ̀dọ́mọdé quarterback méjì, ọ̀sẹ̀ kìíní, adènà méjì tó le bí òkúta. Ta ló ń retí 40 níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká béèrè pé ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá gbá, ká tó béèrè òpó.

Àdùkẹ́, tó kàwé ní Baton Rouge

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ti gbàgbé kóòṣì.

Mo wà ní LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ní 2018 àti 2019, mo fojú ara mi rí i. Ní 2018, quarterback kan, Joe Burrow, dé láti Ohio State (Bọ̀dá Láńre, ẹ pẹ̀lẹ́). Touchdown 16 (bọ́ọ̀lù tó wọ òpin pápá ọ̀tá) ló jù ní gbogbo sáà. Kò burú, kò sì sí ẹni tó ń sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ yẹn kan náà ju 60. Yáàdì 5,671. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tó bá jù, ó lé ní méje tí àwọn ọmọ wa ń hán.

Kí ló yí padà? Ed Orgeron, kóòṣì àgbà wa, lọ mú ọmọkùnrin kan wá láti ẹgbẹ́ Saints, Joe Brady, ẹni ọdún 29 nígbà náà, ó ní kí òun àti Steve Ensminger jọ tún ìkọlù ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwa ará LSU mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀: gbé bọ́ọ̀lù, sáré wọ àárín èrò, ṣubú. Ní 2019 wọ́n ń tú àwọn ọmọ ká sórí pápá bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ, àwọn adènà ò sì mọ ẹni tí wọn ì bá dì mú. Justin Jefferson lápá kan, Ja'Marr Chase lápá kejì, Clyde Edwards-Helaire á tún yọ láti àárín.

AP fi wá sí ipò kẹfà kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fojú tín-ín-rín wa, àmọ́ kò sí ẹni tó sọ pé a máa jẹ àmì 726 nínú eré 15, ká má sì pàdánù ìkankan. Ọ̀sẹ̀ kejì la lọ bá yín nílé ní Austin, Bàbá Ìbejì, 45 sí 38. Nígbà tí Burrow ju bọ́ọ̀lù gígùn yẹn fún Jefferson lópin eré, mo bú sẹ́kún ní yàrá ìyá àgbà kan tí mo ń bá gbé. Ó rò pé wọ́n kú nílé wa.

Bàbá Ìbejì, Houston

Àdùkẹ́, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ló gbè mí lẹ́yìn. Ta ló gba àmì ẹ̀yẹ Joe Moore ní 2019, èyí tí wọ́n ń fún ogiri iwájú tó dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè? LSU ni! Kí Burrow tó lè máa wo ọ̀tún wo òsì bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti ń dí ọ̀nà fún un.

Àdùkẹ́, tó kàwé ní Baton Rouge

Òótọ́ ni, sà. Mo gbà yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ ní oṣù kẹjọ. Oṣù kejìlá ni wọ́n ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ yẹn.

Alàgbà Mókọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò o. Bọ́ọ̀lù tí èmi mọ̀ ni ti Shooting Stars, ẹ foríjì mí. Ọmọ àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ti wọ inú eré yìí, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé òun "wà ní iwájú". Mo rò pé òun ló ń jẹ ayò. Àṣé kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù! Kí ni iṣẹ́ àwọn márùn-ún tí ẹ ń sọ yìí gan-an?

Àdùkẹ́, tó kàwé ní Baton Rouge

Ẹ káàbọ̀ sáàárín wa, sà. Wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì 10. Tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún fún wọn ní mẹ́rin mìíràn, títí tí wọ́n á fi dé òpin pápá tàbí tí wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún ọ̀tá. Quarterback ló ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni àárín, òun ló sì ń pinnu bóyá òun máa jù ú ni àbí òun máa gbé e fún ẹni tó máa sáré. Àwọn géńdé mẹ́rin márùn-ún láti apá ọ̀tá á máa bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn márùn-ún iwájú ló ń dá wọn dúró. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni wọ́n ń rà fún un. Ìkọlù tí kò bá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ò ní nǹkan kan.

Iṣẹ́ ńlá ni ọmọ àbúrò yín ń ṣe, sà.

Káyọ̀dé, Iowa City

Ẹ̀yin ń sọ ti 726. Ẹ wá gbọ́ ti àwa ará Iowa tí ebi àmì ń pa.

Ní 2022 a bá South Dakota State gbá eré àkọ́kọ́, a sì fi 7 sí 3 borí láìsí touchdown kankan. Adènà wa ló mú mẹ́rin wá nínú méje yẹn: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ká ọ̀tá mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Mẹ́ta tó kù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ ta gba àárín òpó ni. Mo wà ní pápá, mo sì rí àwọn àgbàlagbà tó ń mi orí bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tó di 2023, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn Brian Ferentz, olórí ìkọlù wa, tó jẹ́ ọmọ kóòṣì àgbà: ìpíndọ́gba 25 nínú eré kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ń bọ́. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n ìrètí wa ga. Cade McNamara ti wá bá wa láti Michigan, ọmọ tó ti gba ife Big Ten, líìgì tí àwa náà wà. Erick All tó ń hán bọ́ọ̀lù náà bá a wá. Luke Lachey, ahánbọ́ọ̀lù bíi tiẹ̀, ti wà nílẹ̀. Nínú oṣù keje, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọdún yìí la máa jẹun.

Lachey ṣe ẹsẹ̀ léṣe nínú oṣù kẹsàn-án. Orúnkún McNamara yẹ̀ kí oṣù náà tó parí. All tẹ̀lé wọn nínú oṣù kẹwàá. Àmì 15.4 la fi parí sáà, ìpíndọ́gba. Ẹ gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu: a borí ní ìgbà 10! Tory Taylor tó ń ta bọ́ọ̀lù sọ́nà jíjìn fún ọ̀tá nígbà tí ìkọlù wa bá kùnà gba Ray Guy, àmì ẹ̀yẹ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn jù. Ìkọlù wa ló ń fún un níṣẹ́ ṣe.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ òpó yín dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ fi kún un pé kí ẹ wo ẹni tó máa wọlé bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú. Èmi ò ka orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sí mọ́. Orúkọ kejì ni mò ń wá.

Tólá, Fort Worth

Káyọ̀dé, mo dì mọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ọ̀rọ̀ orúkọ kejì yẹn ni ìtàn TCU, yunifásítì wa níbí, ní 2022 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọdún tó ṣáájú, eré márùn-ún péré la borí. Kóòṣì Gary Patterson lọ, Sonny Dykes dé. Ipò keje ni àwọn oníròyìn fi wá sí nínú Big 12, líìgì wa, AP ò sì kà wá mọ́ àwọn 25. Chandler Morris ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí quarterback. Max Duggan tó ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kó jókòó. Kò bínú lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ó jókòó. Nínú eré àkọ́kọ́ gan-an, ní Colorado, Morris ṣèṣe, Duggan wọlé, kò sì jáde mọ́. Eré 12, a borí 12. A fi 51 sí 45 lu Michigan. Georgia fi 65 sí 7 fọ́ wa nínú àṣekágbá, ó dùn wá wọra, ṣùgbọ́n a débẹ̀. Quentin Johnston wà níbẹ̀, Kendre Miller wà níbẹ̀, Steve Avila sì wà lára àwọn márùn-ún iwájú, ògúnná gbòǹgbò.

Ta ló sọ ọ́ nínú oṣù kẹjọ? Kò sẹ́ni. Gbogbo àwọn èròjà yẹn ti wà ní ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dáná.

Màmá Center, Maryland

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, n kò fẹ́ dá sí i, àmọ́ inú mi dùn débi pé n kò lè dákẹ́ mọ́. Bàbá Ìbejì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ ò mọ bó ṣe rí láti bí ọmọ tó wà láàárín àwọn márùn-ún yẹn.

Ọmọ mi ń ṣe center, ẹni àárín tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún quarterback, ní ilé ìwé gírámà. Tí wọ́n bá jẹ touchdown, gbogbo pápá á pariwo orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Tí ọmọ tèmi bá ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á pe nọ́ńbà rẹ̀ fún ìjìyà, gbogbo ayé á gbọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà mo ní àwòrán Olusegun Oluwatimi lára ògiri yàrá rẹ̀. Ọmọ Maryland níhìn-ín ni, ọmọ wa sì ni, orúkọ rẹ̀ ń wí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Air Force, ó lọ sí Virginia, lẹ́yìn náà ó lọ sí Michigan ní 2022. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn ó gba Rimington, tí wọ́n ń fún center tó dára jù, ó tún gba Outland mọ́ ọn. Michigan ti gba Joe Moore lọ́dún tó ṣáájú kó tó dé. Nígbà tó dé wọ́n tún gbà á. Olumuyiwa Fashanu náà, láti Maryland yìí, dúró sí apá òsì fún Penn State, Jets, ẹgbẹ́ tó ń gbá fún owó, sì mú un ní ipò 11 ní 2024 nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ mi ní, "Màmá, ẹni iwájú bíi tèmi ni!" Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi.

Ẹ̀yin tó ń to ìkọlù lẹ́sẹẹsẹ nínú oṣù kẹjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ wọn.

Láńre, Columbus

Màmá, ẹ kú ọmọ o. Ọlọ́run á dá a sí, á sì mú un dé ibi tí wọ́n dé.

Ẹ̀yin lẹ mú mi rántí eré kan tí kò rọrùn fún ará Ohio State láti yìn. Oṣù kọkànlá 2023, Michigan lọ bá Penn State nílé. Drew Allar ni quarterback Penn State, ọmọ tí wọ́n ti ń retí láti ilé ìwé gírámà níbí ní Ohio, Fashanu sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí Michigan ṣe ni pé wọ́n dáwọ́ bọ́ọ̀lù jíjù dúró. Wọ́n gbé e sáré ní ìgbà 32 léraléra. Gbogbo èèyàn tó wà ní pápá mọ̀ pé wọ́n máa gbé e sáré, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. 24 sí 15. Lọ́jọ́ kejì Penn State lé Mike Yurcich, olórí ìkọlù wọn.

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n, mo ti padà sẹ́yìn díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́. Òpó ló ṣiṣẹ́ fún Michigan lọ́jọ́ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Penn State: òpó tó dára jù ní orílẹ̀-èdè wà lápá òsì, quarterback tí ara rẹ̀ le wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkọlù náà ò sì rìn. Ẹnì kan kì í jẹ́ ogiri.

Dọ̀tun, Denver

Ẹ fi ti Colorado 2023 kún un. Eré àkọ́kọ́, quarterback wa Shedeur Sanders ju yáàdì 510, a fi 45 sí 42 lu TCU tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àṣekágbá bọ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà dà sí Boulder. Nígbà tí sáà fi máa parí, wọ́n ti gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀ ju ìgbà 50 lọ, eré mẹ́rin la sì borí. Ó ń dìde ní gbogbo ìgbà. Mo ṣì ń káàánú rẹ̀ di òní.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ẹ ti là mí lójú. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbínú Columbus, ẹ sì ti tún un ṣe fún mi. Márùn-ún iwájú ṣì ni mo máa kọ́kọ́ wò, n kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọdún tí wọ́n ti jọ dúró ló ṣe pàtàkì sí mi jù báyìí, ju bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe dára tó, nítorí ohun tí Láńre sọ nípa Penn State. Lẹ́yìn náà, kóòṣì ìkọlù: ṣé tuntun ni àbí ọdún kejì rẹ̀? Àti orúkọ kejì ti Káyọ̀dé.

Ìṣòro kan ló kù tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ibo la ti máa rí i? Tẹ́lẹ̀ a máa ń lọ wo eré ìgbà ìrúwé nínú oṣù kẹrin, èmi àti àwọn ọmọ, ká mọ ẹni tó dúró níbo. Texas fagi lé e ní 2025, Nebraska náà ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwọn kóòṣì ń bẹ̀rù pé àwọn mìíràn á rí ọmọ tó dára, wọ́n á sì fi owó fà á lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa tí a fẹ́ràn wọn jù.

Àdùkẹ́, tó kàwé ní Baton Rouge

Sà, ìwé tí wọ́n ń gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ eré àkọ́kọ́, èyí tó ní orúkọ ẹni kìíní àti ẹni kejì ní ipò kọ̀ọ̀kan, òun ni mo máa ń tẹ̀ jáde. Mo máa ń fi bírò pupa sàmì sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé mìíràn. Tí pupa bá ti tó mẹ́ta láàárín àwọn márùn-ún iwájú, mo ti mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án á le, bó ti wù kí orúkọ quarterback dùn tó. Wọ́n lè dára o, àmọ́ wọ́n nílò eré mẹ́rin márùn-ún kí wọ́n tó máa gbọ́ ara wọn yé.

Alàgbà Mókọ́lá, Ìbàdàn

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: tí wọ́n bá ní aago 11 àárọ̀ ní Houston, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa níbí, àbí? Mo fẹ́ ní kí àwọn ọmọ ilé bá mi wá a lórí fóònù. Màmá Center, kí ni kí n tẹjú mọ́? Bọ́ọ̀lù yẹn kéré, ó sì yára.

Màmá Center, Maryland

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gan-an ni, sà. Ẹ má tẹ̀lé bọ́ọ̀lù rárá nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ wo àwọn tó wọ nọ́ńbà 50 sí 79, àwọn tó tẹ̀ ba síwájú. Tí ẹ bá rí i pé àwọn ni wọ́n ń sún síwájú lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá gbéra nílẹ̀, tí ọ̀tá ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ pe àbúrò yín ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti rí iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe.